Wọ́n Ti Pọ̀ Padà, Kí Ló Tún Kù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo gbọ́ pé ọdẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa elephant seal àríwá, ẹranko òkun ńlá kan, tán nítorí ọ̀rá rẹ̀, àmọ́ wọ́n ti lé ní 100,000 báyìí. Kí ló dé tí àwọn onímọ̀ ṣì ń kọminú? Ṣé kò sí àtúnṣe ni?

ÌDÁHÙN: Iye wọn ló padà, jíìnì (ohun àjogúnbá inú ara) tó bá àwọn tó kú lọ kò padà. Nígbà tí ọ̀rúndún 19 fi ń parí, wọ́n fojú bù ú pé àwọn tó kù kò tó 100, ní erékùṣù Guadalupe ní Mẹ́síkò. Ọmọ àwọn yẹn ni gbogbo wọn lónìí. Ní 1974, wọ́n yẹ purotéènì ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọn kò rí ìyàtọ̀ kankan. Àrùn tó bá rí ọ̀kan gbé ṣe, ó ṣeé ṣe kó rí gbogbo wọn gbé ṣe.

Ẹ lè ṣírò àdánù oríṣiríṣi jíìnì yìí fúnra yín. Ẹ fi ìlọ́po méjì iye àwọn tó ń bímọ pín 1. Bí wọ́n bá jẹ́ 10, 1/20 ni: ìpín 5 nínú 100 ń lọ ní ìran kọ̀ọ̀kan. Ìran kan ṣoṣo kò ba nǹkan jẹ́ púpọ̀, àfi pé jíìnì tó ṣọ̀wọ́n tètè máa ń sọnù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wà ní 10 fún ìran 10, nǹkan bí 40 nínú 100 ti lọ. Pípẹ́ nínú ọ̀wọ́n yìí gan-an ló ń pani.

Ẹ má sì ka orí lásán o! Akọ 1 àti abo 9 kì í ṣe 10. Ẹ sọ akọ di ìlọ́po abo, ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po 4, kí ẹ wá fi àpapọ̀ wọn pín in: 36 ÷ 10, 3.6 péré. Elephant seal gan-an nìyẹn, akọ kan a máa gba ọ̀pọ̀ abo mọ́ra.

Ní ti àtúnṣe, púmà Florida, ẹranko ńlá kan tó jọ ológbò ní Amẹ́ríkà, kò ju 30 lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ṣóńṣó ìrù wọn wọ́, ẹpọ̀n àwọn akọ kan kò sọ̀ kalẹ̀, ọkàn àwọn mìíràn ní ihò. Ní 1995 wọ́n kó abo púmà 8 wá láti Texas. Àwọn 5 bímọ, àbùkù dín kù, iye wọn sì di ìlọ́po mẹ́ta. Ìbátan tó sún mọ́ wọn ni kí a mú, kí a sì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fún àrùn.

Elephant seal àríwá kò ní irú ìbátan bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni ti gúúsù. Ìyípadà jíìnì tuntun nìkan ló kù fún wọn, ìyẹn sì ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìran.