Báwo ni ṣírí ọkà ṣe di «shibboleth»?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ń túmọ̀ àpilẹ̀kọ kan lórí ìṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó kọ ọ́ sì ní kí ẹgbẹ́ kan jáwọ́ nínú àwọn «shibboleth» àtijọ́ rẹ̀. Ibo ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, kí ni kí n sì pè é ní Yorùbá?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ Hébérù ni, ṣírí ọkà ni ó sì túmọ̀ sí. Àwọn èdè tó bá Hébérù tan náà ní in: «šubultu» ni àwọn ará Bábílónì àtijọ́ ń pe ṣírí ọkà, «sunbula» ni ó sì ń jẹ́ ní èdè Lárúbáwá, bí àwọn tó ń ka Àlùkùránì yóò ti rántí láti inú Suratul Baqarah.

Ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí 12, ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Nígbà tí àwọn ará Gílíádì ṣẹ́gun Éfúráímù, wọ́n gba ìwọdò Jọ́dánì, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ kọjá, tó ní òun kì í ṣe ará Éfúráímù, wọn a ní kó pe «ṣíbólẹ́tì». Bí ó bá pè é ní «síbólẹ́tì», wọn a pa á níbẹ̀. Bíbélì ní 42,000 ènìyàn ni Éfúráímù pàdánù. Ẹ kíyè sí i pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ìró rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń dájọ́.

Èyí da àwọn atúmọ̀ èdè Gíríìkì láàmú, nítorí èdè wọn kò ní ìró ṣ: ẹ̀dà àtijọ́ kan fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ṣírí ọkà sí i, òmíràn sì fi ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ọmọ ogun sí i. Kò le fún Bíbélì Yorùbá ti Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí a tẹ̀ lódindi ní 1884, nítorí pé àmì kékeré abẹ́ s ti tó láti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Mo fẹ́ràn àmì yẹn púpọ̀. Ará Ìbàdàn tó ń pe iṣu ní «isu» kò nílò àlàyé kankan lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ahọ́n àwọn ará Éfúráímù. «Ṣírí» pàápàá ìbá ti mú un létí odò.

Láti inú Bíbélì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún ni wọ́n ti ń fi pe ohunkóhun tí a fi ń dá ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí àlejò, kó tó wá di orúkọ ìgbàgbọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ ń tẹnu mọ́ lásán, tí agbára rẹ̀ ti tán. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló wà nínú àpilẹ̀kọ yín, nítorí náà «àkọ́sórí ẹgbẹ́ tí kò ní láárí mọ́» ni èmi yóò kọ. Bí ó bá jẹ́ pé ohùn ẹnu tó ń tú ènìyàn fó ni wọ́n ń sọ, «ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀» ni ó bá a mu.