Mo ṣe akápò fẹ́lóṣíìpù wa: ṣé ìyẹn ń jẹ́ iṣẹ́ lójú àwọn tó fẹ́ gbà mí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò owó, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìn àgùnbánirọ̀ ni. Báńkì microfinance kan (báńkì kékeré tó ń bá àwọn oníṣòwò kéékèèké lò) níbí ní Ìbàdàn ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. N kò ṣiṣẹ́ níbì kankan rí, àfi pé mo ṣe akápò fẹ́lóṣíìpù wa ní yunifásítì. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ ọ́ sínú CV mi pé mo ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì ní iléeṣẹ́ ẹ̀gbọ́n òun. Màmá mi ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. Ẹ̀rù sì ń bà mí bí wọ́n bá bi mí nípa iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú, torí mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Kí ni kí n ṣe? (Ọmọ Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú oríire. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn iléeṣẹ́ yan òṣìṣẹ́, Krìstẹ́nì sì ni mí, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ kò ṣàjèjì sí mi rárá. Jẹ́ kí n ti orí ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ rẹ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló lè ba gbogbo ìyókù jẹ́.

Má kọ ọ́. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì rẹ ní ọdún tí o jáde, ìwé tí NYSC fún ọ ní ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí o parí. Ẹni tó bá gbé méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ CV rẹ yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé kò sí ibi tí ọdún méjì iṣẹ́ lè gbà wọlé láàárín wọn. Bí kò bá tilẹ̀ rí i, yóò bi ọ́ pé ta ni ọ̀gá rẹ níbẹ̀, kí lo máa ń ṣe bí o bá dé láàárọ̀, kí ló dé tí o fi kúrò. Irọ́ kan á wá máa wá ẹ̀kejì. Bí o bá rí iṣẹ́ náà gbà lọ́nà yẹn pàápàá, ìwé yẹn yóò wà nínú fáìlì rẹ, ọjọ́ tí wọ́n bá sì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n lè tìtorí rẹ̀ lé ọ. Jésù ní kí bẹ́ẹ̀ ni wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí bẹ́ẹ̀ kọ́ wa sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Báńkì tó fẹ́ fi owó àwọn ìyálọ́jà lé ọ lọ́wọ́, ohun tó ń wá gan-an nìyẹn.

Ohun tó dùn mí nínú lẹ́tà rẹ ni pé o ní o kò ṣiṣẹ́ rí, o sì wá fi “àfi pé” mú iṣẹ́ akápò wọlé bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Ọmọ mi, ẹni tó gba owó, tó kà á, tó kọ ọ́ sílẹ̀, tó gbé e lọ sí báńkì, tó sì jábọ̀ fún àwọn tó fi í sípò, iṣẹ́ ló ṣe. Bóyá wọ́n sanwó fún ọ tàbí wọn kò san, èyí kò yí i padà. Àìsọ ọ́ bó ṣe yẹ ló ń fa wàhálà. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ fẹ́lóṣíìpù ẹ máa ń kọ orúkọ ipò sílẹ̀, ẹ ó sì dákẹ́ síbẹ̀, tàbí kí ẹ sọ ọ́ bí ìgbà tí ẹ ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì: “Olúwa lò mí, iṣẹ́ náà tẹ̀ síwájú.” Mo gbà pé Olúwa lò ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó síwájú rẹ fẹ́ mọ ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe.

Jókòó lálẹ́ òní, kí o rántí. Ènìyàn mélòó ló wà nínú fẹ́lóṣíìpù yín? Ẹni mélòó ló máa ń ka owó ọrẹ pọ̀? Ta ló ń buwọ́ lùwé kí owó tó lè jáde? Báwo lo ṣe fa ìwé ìṣirò lé akápò tó tẹ̀lé ọ lọ́wọ́? Paríparí rẹ̀: ṣé ìgbà kan wà tí ohun tí o kọ àti ohun tó wà nínú àkáǹtì kò dọ́gba, báwo lo sì ṣe wá ibi tí àṣìṣe náà wà rí? Bí o bá lè sọ ìyẹn láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, o ti sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ kò lè sọ. Bí wọ́n bá ní kí o sọ nípa ara rẹ, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 2 lọ. Wò ó bí ó ṣe lè lọ:

“Ìmọ̀ ìṣirò owó ni mo kà. Ní yunifásítì, èmi ni mo ń bójú tó owó ẹgbẹ́ kan. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èmi àti ẹnì kan la jọ máa ń ka owó tó wọlé, mo ń gbé e lọ sí báńkì, mo sì ń fi ìwé mi wé ti báńkì lóṣooṣù kí n tó jábọ̀ fún ìgbìmọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé iṣẹ́ tó kan owó àwọn ènìyàn ló wù mí.”

Fi ohun tí ìwọ ṣe gan-an dípò tèmi. Bí wọ́n bá bèèrè ẹgbẹ́ wo ni, sọ pé fẹ́lóṣíìpù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Krìstẹ́nì ni, láìtijú, kí o sì padà sórí iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń bi ọ́ lè jẹ́ Mùsùlùmí, Ìbàdàn ṣáà la wà. Kì í ṣe ìwàásù ló pè ọ́ wá ṣe.

Ní ti màmá rẹ, má bá wọn jiyàn, ẹ jọ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n fi sùúrù ka Nehemáyà orí 1 àti 2 fún wọn. Nehemáyà fẹ́ lọ tún odi Jerúsálẹ́mù mọ. Ó gbààwẹ̀, ó gbàdúrà láti oṣù Kísíléfì títí di oṣù Nísánì, èyí tó tó nǹkan bí oṣù 4. Ọjọ́ tí ọba Páṣíà wá bi í pé kí ló ń fẹ́, àdúrà tó gbà níbi tó dúró sí kò ju èémí kan lọ, ó sì dáhùn. Ó mọ àsìkò tí òun yóò lò. Ó mọ àwọn gómìnà tí òun nílò lẹ́tà sí. Ó mọ orúkọ ẹni tó ń tọ́jú igbó ọba tí òun yóò ti gba igi. Ẹni tó ń gbàdúrà ló ṣe ìwádìí yẹn. Gba ààwẹ̀ rẹ, ṣùgbọ́n parí rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, kí o sì jẹun láàárọ̀ ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ebi máa ń hàn lóhùn.

Ìwádìí tìrẹ rèé. Mọ̀ pé CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ló ń fún báńkì microfinance ní ìwé àṣẹ, láti ìgbà tí ètò wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, àti pé àwọn kan wà fún àdúgbò, àwọn kan fún odidi ìpínlẹ̀, àwọn kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Wá mọ èyí tó pè ọ́. Mọ̀ pé NDIC, àjọ ìjọba tó ń dúró fún owó tí ènìyàn fi pamọ́ sí báńkì, ń dáàbò bo owó àwọn oníbàárà wọn, iye tó pọ̀ jù tó ń dáàbò bò sì ti di mílíọ̀nù 2 náírà fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan láti ọdún 2024. Lẹ́yìn náà, lọ sí Bódìjà tàbí Dùgbẹ̀, kí o bá ìyá kan tó ń dá àjọ sọ̀rọ̀: kí ló dé tó fi fara mọ́ alájọ ju báńkì lọ? Ohun tó bá sọ fún ọ, kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì lè jẹ́ òun ni wọn yóò fi rántí rẹ.

Ohun méjì kan wà tó ń dí àwọn ọmọ tó ní ìwà rere lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni “nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run.” Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé o lè parí iṣẹ́ kan kó tó di ọjọ́ Ẹtì, tí o sì dáhùn bẹ́ẹ̀ nìkan, létí wọn ó dà bí ẹni tí kò fẹ́ ṣe ìlérí. Sọ pé o lè ṣe é, sọ bí o ṣe máa ṣe é, kí oore-ọ̀fẹ́ wà lọ́kàn rẹ. Èkejì ni ojú. Wọ́n kọ́ wa nílé pé ọmọdé kì í tẹjú mọ́ àgbà, ẹ̀kọ́ tó dára ni. Nínú yàrá yẹn, ẹni tó ń wolẹ̀ máa ń dà bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Bí o bá wọlé, kí wọn, fi orúnkún tẹ díẹ̀, dúró títí wọn yóò fi ní kí o jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn, gbójú sókè.

Ní ti ọjọ́ Àìkú, má fi ẹnu ara rẹ dá a sílẹ̀. Bí wọ́n bá bèèrè, ṣe bíi Dáníẹ́lì: kò bá olórí àwọn ìwẹ̀fà jà nítorí oúnjẹ ọba, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi ọjọ́ 10 dán àwọn wò. Sọ pé òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú jẹ́ àkókò ìsìn rẹ, pé bí iṣẹ́ pàjáwìrì bá wà o lè wá lẹ́yìn ìsìn, tàbí kí o ṣe ti ọjọ́ Àbámẹ́ta dípò rẹ̀. Má ṣèlérí ohun tí o kò ní mú ṣẹ. Bí wọ́n bá sì ní ṣé o ní ìbéèrè, bi wọ́n nípa iye owó tí wọ́n ń retí kí òṣìṣẹ́ tuntun mú wá lóṣù, àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ níṣẹ́. Ó yẹ kí o mọ èyí kí o tó buwọ́ lùwé.

Àwọn báńkì máa ń bèèrè onídùúró. Bí o bá fẹ́ lo pásítọ̀ yín, gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn nísinsìnyí, kí wọ́n má ṣàdédé rí ìpè. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí o san owó fọ́ọ̀mù, owó aṣọ iṣẹ́ tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó gbà ọ́, má san kọ́bọ̀. Lọ sí ọ́fíìsì báńkì náà fúnra rẹ, kí o bèèrè bóyá àwọn ló pè ọ́.