Má gbàgbé abọ́ tó wà lọ́wọ́: bọ́fà fídíò nínú dráífà Linux

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Adó-Èkìtì ni. Mo ń kọ dráífà Linux (ètò tó ń darí ẹ̀rọ) fún káàdì kan tó ń gba fídíò láti ara kámẹ́rà, videobuf2 (vb2), apá Linux tó ń bójú tó bọ́fà fídíò, ni mo sì ń lò. Àwòrán ń wọlé geere. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dá a dúró, kernel, ọkàn Linux, á kọ WARNING (ìkìlọ̀) sínú dmesg, àkọsílẹ̀ rẹ̀; tí mo bá tún un bẹ̀rẹ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà á kú fin-ín. Mo ti yẹ kóòdù interrupt mi (èyí tó ń dáhùn bí káàdì bá ké sí kọ̀ǹpútà) wò títí, mi ò rí nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n wò?

Ìdáhùn: Àbúrò, fi interrupt sílẹ̀ ná. stop_streaming rẹ, kóòdù tí vb2 ń pè láti dá fídíò dúró, ni kí o lọ ṣí.

Adó lo wà, mi ò ní máa ṣàlàyé iyán fún ọ. Wo àwọn ọmọ tí wọ́n fi abọ́ rán lọ sọ́dọ̀ oníyán. Wọ́n to abọ́ sílẹ̀, màmá ń bù ú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dá abọ́ padà fún ẹni tó ni ín. Bí iyán bá tán lójijì ńkọ́? Abọ́ òfìfo náà gbọ́dọ̀ padà délé.

Bọ́fà, àyè inú mẹ́mórì tí àwòrán ń wọ̀, ni abọ́ yẹn. Bí áàpù bá ti pe VIDIOC_QBUF láti fi bọ́fà sílẹ̀, tí fídíò sì ti ń lọ, vb2 á pe buf_queue, kóòdù rẹ tó ń gba bọ́fà: láti ìgbà náà, ọwọ́ rẹ ló wà. O fi í sẹ́yìn ìlà, o sì fi spinlock (àgádágodo inú kernel) ṣọ́ ìlà náà torí pé interrupt náà ń tọwọ́ bọ̀ ọ́. Tí àwòrán bá kún inú rẹ̀, o kọ àkókò àti nọ́ńbà rẹ̀ sí i, o pe vb2_buffer_done pẹ̀lú VB2_BUF_STATE_DONE. Ó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ nìyẹn.

Bí o bá wá dá fídíò dúró láì dá gbogbo wọn padà, vb2 á gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ tipátipá. WARNING tó o rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìlà tìrẹ kò mọ̀ pé wọ́n ti gbà á. Nígbà tó o bá tún bẹ̀rẹ̀, ibi tí abọ́ wà lánàá lò ń da iyán sí, bẹ́ẹ̀ mẹ́mórì yẹn ti lè di ti ẹlòmíràn. Kọ̀ǹpútà ò ní ṣe kó má kú.

Nítorí náà, kọ́kọ́ dá DMA (bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ àwòrán sínú mẹ́mórì fúnra rẹ̀) dúró, kí o rí i pé ó dúró lóòótọ́, lẹ́yìn náà kí o wá dá gbogbo bọ́fà padà pẹ̀lú VB2_BUF_STATE_ERROR. Gbogbo wọn ni mo wí o. Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí: mo máa ń yọ bọ́fà kúrò nínú ìlà bí mo bá ti gbé e fún ẹ̀rọ, mo wá kó èyí tó wà nínú ìlà dànù tán, mo gbàgbé ẹyọ kan tó wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ gan-an. Òru mẹ́ta ni mo fi wá a.

Bó bá jẹ́ start_streaming, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ fídíò, ló kùnà, VB2_BUF_STATE_QUEUED ni kí o fi dá wọn padà, kì í ṣe ERROR.

Má sì fi bọ́fà ṣahun. Àwòrán YUYV (báìtì méjì fún píksẹ́lì kan) ní 1920×1080 jẹ́ báìtì 4,147,200. Àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á sún mọ́ báìtì mílíọ̀nù 124. Bọ́fà méjì péré á há: ọ̀kan ń kún, èkejì wà lọ́dọ̀ áàpù. Bí ìlà bá ṣófo, tún èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ lò, àmọ́ fi kún nọ́ńbà àwòrán kí áàpù lè mọ̀ pé ọ̀kan sọnù.

Ṣí samples/v4l/v4l2-pci-skeleton.c nínú kóòdù kernel, kí o wo return_all_buffers níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ṣe v4l2-compliance -s, irinṣẹ́ tó ń dán dráífà fídíò wò. Tó bá ṣì ń pariwo, fi stop_streaming rẹ ránṣẹ́ lódindi, má já a lábọ̀.