Gómìnà kò lè tú káńsù yín ká bẹ́ẹ̀

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ṣé gómìnà lè tú káńsù yín ká, kó sì yan ẹlòmíràn síbẹ̀? Rárá o. Gómìnà kò lágbára láti tú káńsù tí ẹ dìbò yàn ká, kó sì gbé alága fìdíhẹ síbẹ̀. Abala 7 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló ti ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú yàn lẹ́yìn. Ní Ọ̀yọ́, wọ́n tú àwọn káńsù ká lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún 2019. Lọ́jọ́ 7 oṣù karùn-ún 2021, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kò bófin mu, ó sì ní kí wọ́n san owó oṣù àti àjẹmọ́nú àwọn alága àti kánsẹ́lọ̀ tí wọ́n lé kúrò.

Ìyẹn bí sáà wọn kò bá tíì pé o. Bó bá ti pé, kí wọ́n lọ, àmọ́ ìbò ló yẹ kó tẹ̀ lé e. Ìdájọ́ tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ṣe lọ́jọ́ 11 oṣù keje 2024 tilẹ̀ ní kí wọ́n má fún káńsù tí a kò dìbò yàn lówó ìjọba àpapọ̀ mọ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ẹni tí gómìnà yàn, ojú gómìnà nìkan ló ń wò. Bí gọ́tà ọjà bá dí, tàbí tí kò sí nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò yín, ta lẹ fẹ́ lọ ká mọ́lé?

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ọjọ́ tí wọ́n búra fún àwọn kánsẹ́lọ̀ yín, kí ẹ lè mọ̀ bóyá sáà wọn ti pé.