Ẹ má so táwẹ́lì kọ́ fún ọ̀kẹ́rẹ́ yín

Ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ ní ọ̀kẹ́rẹ́ yín tó pé oṣù mẹ́rin ń fi eyín họ irin àgò rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ lè gé táwẹ́lì tó ti gbó, kí ẹ so ó kọ́ kó máa fi ṣeré. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ojú mi ti rí èyí.

Táwẹ́lì ni mo kọ́kọ́ lò fún tèmi náà. Mo ká a bíi bọ́ọ̀lù, mo rán an, mo so ó mọ́ òkè àgò. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Á fò mọ́ ọn, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá a, á sá lọ, á tún padà wá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo rí i pé ẹsẹ̀ kan ló ń lá ṣáá, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Mo gbé e súnmọ́ iná. Òwú kan péré, tó tín-ín-rín bí irun orí, ló ti wé mọ́ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìka náà ti wú, ṣóńṣó rẹ̀ ti dúdú, ẹran ti bo òwú náà débi pé n kò rí ibi tí mo lè ti sísọ́ọ̀sì bọ̀. Dókítà ẹranko bá mi yọ ọ́, ṣùgbọ́n ìka yẹn ti kú. Ìka mẹ́rin ló kù lẹ́sẹ̀ yẹn dípò márùn-ún. Láti ìgbà náà, kí nǹkan kan tó wọ inú àgò rẹ̀, òwú ni mo kọ́kọ́ máa ń wá lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ aṣọ lẹ fẹ́ fún un, ẹ lo fleece, ìyẹn aṣọ òtútù tó rọ̀ múlọ́múlọ́, nítorí kì í tú bí ẹ bá gé e létí, kò sì ní ihò òwú tí èékánná lè há sí. Èyí náà, bó bá ti ń jẹ ẹ́ gbé mì, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Irin tó ń họ yẹn, eyín ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Eyín iwájú rẹ̀ mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, kì í yé gùn títí tó fi máa kú, kò sì gbọ́dọ̀ má rí nǹkan líle gé. Irin lè ṣẹ́ ẹ léyín. Bí wọ́n bá sì fi síǹkì bo irin náà, májèlé ni. Igi ni kí ẹ fún un. Ẹ̀ka igi ápù dára, bí wọn ò bá fín oògùn sí i. Ẹ yẹra fún cherry, peach àti plum, torí èròjà tó ń di májèlé sáyánáìdì nínú ara wà nínú ewé àti èèpo wọn. Pákó tí wọ́n kùn, tàbí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, kò wúlò fún wa rárá.

Èyí tó ṣiṣẹ́ jù lọ́wọ́ mi rèé: mo gé ẹ̀ka tó tó ọrùn ọwọ́, mo da omi híhó lé e, mo sá a títí tó fi gbẹ kanrankanran. Mo lu ihò sí i lára, tí kò já sí òdìkejì, mo wá ki èso tó ṣì wà nínú èèpo líle bọ̀ ọ́ kó há dáadáa. Kò rọrùn fún un láti yọ ọ́. Á fi ọwọ́ méjèèjì di igi náà mú, á dorí kodò, á máa ha á, ẹ̀rún igi á máa dà sílẹ̀. Kò tún rántí irin mọ́.

Ọ̀rọ̀ ihò ṣe pàtàkì o. Ihò tí orí rẹ̀ ò lè wọ̀ kò burú. Èyí tí gbogbo ara rẹ̀ lè gbà kọjá fàlàlà kò burú. Èyí tó wà láàárín méjèèjì ló ń pa ẹran. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ fún un ní páálí róbótó tó máa ń wà nínú bébà ìnùdí, mo máa ń la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kó lè ṣí bí orí bá há sí i. Okùn tí ẹ bá fi so nǹkan kọ́ kò gbọ́dọ̀ gùn tó ohun tó lè yí i lọ́rùn. Fóòmù àti rọ́bà ńkọ́? Rárá, wọ́n lè dí i ní ìfun.

Ẹ tún bu iyẹ̀pẹ̀ tí kò ní ajílẹ̀ sínú àpótí fún un. Á máa bo èso mọ́lẹ̀, á fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á wò yíká bóyá ẹnì kan rí i. Tèmi máa ń gbìyànjú láti bo tirẹ̀ sínú ọrùn aṣọ mi.

Bí táwẹ́lì yẹn bá ti wọ inú àgò, ẹ yọ ọ́ báyìí, kí ẹ sì fi iná yẹ gbogbo ìka rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan lálẹ́ òní.