Páásíwọ́ọ̀dù pọ̀ jù, n kò sì fẹ́ kó wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ ni mí ní Ìjerò-Èkìtì. Páásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni mo ń lò fún ímeèlì, Facebook, áàpù báǹkì àti ibi tí mo ti ń rajà. Ọmọ mi ní kí n fún ìkọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n orí mi ò lè gbé gbogbo rẹ̀. N kò sì fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kankan bá mi tọ́jú wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Òótọ́ lọmọ yín sọ, mà. Bí àwọn olè bá jí páásíwọ́ọ̀dù kó níbi tí ẹ ti ń rajà, wọn kì í dúró síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń fi gbé ímeèlì àti páásíwọ́ọ̀dù kan náà káàkiri, títí dé báǹkì.

Ẹ ra ìwé nóòtù kékeré kan. Wọ́n ti sọ fún wa tipẹ́ pé èèwọ̀ ni ká kọ páásíwọ́ọ̀dù sílẹ̀, ṣùgbọ́n olè tó wà nílẹ̀ òkèèrè kò lè nawọ́ dé inú àpótí yín ní Ìjerò. Ará ilé àti àlejò ló lè débẹ̀, nítorí náà ẹ tì í pa, ẹ má sì gbé e lọ síléèwé. Ẹ má sì kọ wọ́n tán: ẹ mú ọ̀rọ̀ kúkurú kan sórí, kí ẹ máa fi parí gbogbo wọn, kí ó má sì sí nínú ìwé. Ẹni tó bá jí i kò tíì rí nǹkan kan ṣí. PIN káàdì báǹkì kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ rárá.

Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà, KeePassXC, áàpù tó ń tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù, ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀fẹ́ ni. Inú fáìlì kan tí a tì pa ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí, lórí kọ̀ǹpútà tiyín, kò sì nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ṣí i. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣẹ̀dá páásíwọ́ọ̀dù tuntun. Áàpù mìíràn, KeePassDX, lè ṣí fáìlì yẹn lórí fóònù Android. Ẹ dà á kọ sórí fúláàṣì méjì, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán ní Adó.

Páásíwọ́ọ̀dù tó ń ṣí fáìlì náà ni kí ẹ farabalẹ̀ yàn, torí bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá yín ṣí i. Ẹ má lo oríkì, òwe tàbí ẹsẹ Bíbélì. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, olè náà mọ̀ ọ́n. Ní 1995, Arnold Reinhold ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà kan jáde tó ń jẹ́ Diceware: ẹ ju dáìsì lúdò lẹ́ẹ̀marùn-ún, nọ́ńbà tó bá jáde á tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan nínú àtòjọ ọ̀rọ̀ 7,776. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà bẹ́ẹ̀ tó.

Bí ẹ bá ń yí àwọn páásíwọ́ọ̀dù yín padà, ẹ fi ti ímeèlì bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá gba ímeèlì yín lè fi yí èyí tó kù padà. Báǹkì ló tẹ̀ lé e.

Ẹ fi PIN ti SIM yín pa pẹ̀lú. Bí wọ́n bá jí fóònù, wọ́n lè yọ SIM sínú fóònù mìíràn kí wọ́n máa gba OTP báǹkì yín. Ẹ béèrè PIN tó bá SIM wá lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kí ẹ tó yí i padà. Bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, PUK, nọ́ńbà tó ń ṣí SIM tó ti tì, ló máa béèrè.