Kọ́mú eré sísá ló yanjú tiwa, kì í ṣe oúnjẹ

Ẹ kú àníyàn ọmọ, ìyá wa. Ẹ ní lẹ́tà dé láti iléèwé pé ọmọ yín, ọlọ́dún 10, sanra ju bó ṣe yẹ lọ, pé àtìgbà náà ni kò ti fẹ́ wọ aṣọ PE, ìyẹn eré ìdárayá iléèwé, mọ́, ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ dín oúnjẹ rẹ̀ kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti wọlé wa rí ní London níbí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń wọn àwọn ọmọ iléèwé ìjọba ní England: ní Reception, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 4 sí 5, àti ní Year 6, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 10 sí 11. Gíga àti ìwúwo ni wọ́n ń wò, wọ́n á fi ṣírò BMI, ìyẹn òǹkà tó ń fi ìwúwo wé gíga, wọ́n á wá fi wé ti ẹgbẹ́ rẹ̀. BMI ò mọ iṣan yàtọ̀ sí ọ̀rá, kò sì mọ̀ pé ọmọbìnrin tó ń sún mọ́ ìbàlágà sábà máa ń kún lára. Ilona Maher tó gba àmì ẹ̀yẹ bàbà pẹ̀lú ikọ̀ rugby àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ní ìdíje Olympics ní Paris lọ́dún 2024 ti sọ ọ́ ní gbangba pé BMI ka òun náà mọ́ àwọn tó sanra jù. Mi ò ní kẹ́ ẹ da lẹ́tà náà nù o. Ẹ mú un lọ bá nọ́ọ̀sì GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín. Ohun tí tiwa sọ ni pé ọmọ tó ṣì ń ga kì í sábà nílò kó fọn. Bí ìwúwo rẹ̀ bá dúró síbi tó wà, gíga rẹ̀ á bá a.

PE tó pa tì yẹn ló ká mi lára jù. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ wá ohun tó ń sá fún. Ọmọbìnrin tèmi, inú rírun ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀ Tuesday, ọjọ́ PE wọn. Ó pẹ́ kó tó là á fún mi: ọmú rẹ̀ ti ń yọ, ó ń mì bó bá ń sáré, àwọn ọmọkùnrin kan sì ń sín in jẹ. A lọ ra kọ́mú tí wọ́n ṣe fún eré sísá, èyí tó di àyà mú dáadáa, pẹ̀lú ṣòkòtò dúdú gígùn dípò péńpé. Mo kọ̀wé sí iléèwé pé kí wọ́n jẹ́ kó máa wọ̀ ọ́, kó má sì máa bọ́ṣọ lójú gbogbo kíláàsì mọ́. Wọ́n kọ̀. Mo tún kọ̀wé, mo tún lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n gbà. Gbogbo ìyànjú tí mo ti gba ọmọ yẹn kò tó ohun tí kọ́mú náà ṣe.

Lẹ́yìn náà la wá eré. Ìjọba ibí ní kí ọmọdé máa fi ara ṣiṣẹ́ fún ìpíndọ́gba 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́, ṣùgbọ́n kò di dandan kó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ rírìn lọ síléèwé wà níbẹ̀, okùn fífò wà níbẹ̀. Mo kọ́ ọ ní ten-ten àti súwè tí àwa ṣe ní Abẹ́òkúta. Ó lọ síbi ijó, ó sú u kíá, torí dígí ló yí gbogbo yàrá náà ká. Rugby àwọn ọmọbìnrin ló wá gbà á lọ́kàn. Ẹni tó lágbára lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń wá síwájú níbẹ̀. Ó wọlé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ẹrẹ̀ lójú, ó ní, "Mọ́mì, wọn ò lè tì mí ṣubú!"

Ẹ má sọ fún un láé pé kó sáré kó lè fọn, tàbí kó sáré kó tó jẹ dòdò. Bí òṣùwọ̀n ò bá yí padà, á pa eré náà tì. Ẹ bi í bóyá ó dùn, ẹ bi í pé kí ló lè ṣe báyìí tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀. Kí ẹ̀yin náà má sì máa bú ikùn yín níwájú dígí. Ó ń gbọ́.

Ọ̀dọ̀ ẹbí ló ti le. Màmá mi á pè é lórí fóònù, "òròbó mi", ìfẹ́ ni. Àwọn àǹtí á fún un lẹ́rẹ̀kẹ́ ní pátì, wọ́n á bi í bóyá òun nìkan ló ń jẹ ọbẹ̀ ilé wa, wọ́n á tún yíjú sí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin pé ṣé ebi ń pa á ni tó fi rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ báyìí. Ọ̀rọ̀ náà ń dun àwọn méjèèjì. A kì í pàṣẹ fún àgbà, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ màmá mi pé kí wọ́n máa fi oríkì pè é. Ọjọ́ náà ló di "Àṣàkẹ́" lẹ́nu wọn. Àǹtí kan ṣì ń bínú sí mi dòní, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Bó bá ń fi oúnjẹ pamọ́, tó ń yẹ oúnjẹ sílẹ̀, tàbí tó ń pẹ́ nílé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́yìn tó jẹun, ẹ má dúró gbọ́ ìmọ̀ràn mi, GP ni kẹ́ ẹ lọ bá.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bi olùkọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pín wọn sí ẹgbẹ́ ní PE. Tó bá jẹ́ ọmọ méjì ló ń yan àwọn yòókù níkọ̀ọ̀kan títí yóò fi ku ẹnì kan, ẹ ní kí olùkọ́ máa pín wọn fúnra rẹ̀.